Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Kí lẹ fi lé e lọ́wọ́ tẹ́ ẹ fi ní kó má lọ?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, àfi bí ẹni pé ẹ ti jọ sọ ọ́ pọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń kúrò nílé lọ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, láti Oríire, láti Ìrẹsà, láti Ọ̀yọ́ pàápàá. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀, mo mú mẹ́rin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ ṣeun gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa gé e kúrú, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, dátà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó dórí ìbéèrè.

"Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Abúlé kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé ni mò ń gbé, àgbẹ̀ ni mí, mo ní ẹ̀gẹ́, mo ní àgbàdo, mo ní kajú tí bàbá mi gbìn tí èmi náà gbìn kún un. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni Ọlọ́run fún mi. Àkọ́bí wà n'Íbàdàn, ó ń wa mọ́tò, èkejì wà l'Ékòó, a kì í gbúròó ẹ̀ àfi tí Iléyá bá dé. Àbíkẹ́yìn ló kù sí mi lọ́wọ́, ó ti jáde sẹ́kọ́ńdírì, òun la jọ ń ṣoko. Ó wá ní tá a bá ti ṣa kajú ọdún yìí tán, òun ń lọ bá ẹ̀gbọ́n òun l'Ékòó, òun fẹ́ lọ máa gun ọ̀kadà. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti jágbe mọ́ ọn, ìyá ẹ̀ ti sunkún. Ọmọ yìí ò jìyà lọ́dọ̀ mi o, mò ń bọ́ ọ, mò ń ra aṣọ ọdún fún un, èmi ni mo ra fóònù tó fi ń pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ta ni mo fẹ́ fi kajú yìí sílẹ̀ fún? Àwọn kan ní kí n ṣépè fún un kó má lè lọ, ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?" (Bàbá kan, Oríire)

Bàbá, ẹ kú oko, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ èpè yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jù ú sígbó. Mi ò tíì rí ọmọ tí èpè dá dúró sóko rí, àwọn tí mo rí ni àwọn tó gbọ́ èpè tán tí wọ́n pa nọ́ńbà dà, tí wọn ò wálé ọdún, tí wọn ò wálé ìsìnkú. Àti pé ẹni tẹ́ ẹ ṣépè fún lónìí náà lẹ tún fẹ́ kó jogún kajú lọ́la? Ó ṣòro o.

Mo tún lẹ́tà yín kà. Ẹ ka ohun tẹ́ ẹ ti ṣe fún ọmọ yìí: oúnjẹ, aṣọ ọdún, fóònù. Ẹ ṣé o, bàbá dáadáa ni yín, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà yẹn, nǹkan tá a máa ń ṣe fún ọmọdé ni. Kò síbi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ pé nígbà tá a ta kajú èṣí, báyìí lówó tó kàn án. Ẹ ò kọ ọ́ pé láti ìdí igi báyìí dé ìdí igi báyìí, tiẹ̀ ni. Ẹ ní "òun la jọ ń ṣoko", ó dáa, oko ta ni?

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sí, tí mo bá purọ́ kẹ́ ẹ kọ̀wé sí mi. Tí kajú bá ti ń já bọ́ láti February, ọmọ yìí ló ń jí wọ oko kí oòrùn tó mú, á bẹ̀rẹ̀, á máa ṣà á níkọ̀ọ̀kan, á máa yí kóró kúrò lára èso, omi ẹ̀ á ta sí i láṣọ, omi kajú ò sì ṣeé fọ̀ kúrò, aṣọ yẹn ti di aṣọ kajú nìyẹn. Á sá a sí ojú oòrùn, òjò bá ṣú, òun ló máa sáré lọ kó o. Tí oníbàárà bá wá gun ọ̀kadà dé, tó so òṣùwọ̀n rọ̀ sára ẹ̀ka igi, tó ki ọwọ́ bọ àpò, tó la kóró kan wò, tó ní kò gbẹ, ọmọ yín ló máa bá a jiyàn pé ó gbẹ. Wọ́n wọ̀n ọ́n tán, iye kílò yé àwọn méjèèjì, ni oníbàárà bá wò ré kọjá orí ẹ̀, ó ní, "Bàbá ńkọ́?" Ẹ̀yin lẹ máa jáde síta, ọwọ́ yín ni wọ́n máa ka owó sí. Ẹ̀yin náà ò jẹ ẹ́ ní àjẹdànù, mo mọ̀, gbèsè oògùn koríko ń bẹ níbẹ̀, ti àwùjọ ń bẹ níbẹ̀, owó ilé ìwòsàn ìyá wọn ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun, àpò òfìfo ló ká padà sílé.

Lébìrà tẹ́ ẹ gbà sóko lọ́jọ́ kan náà yẹn, ẹ san owó ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ má bínú sí mi o, bàbá mi, ṣùgbọ́n lébìrà sàn jù ọmọ yín lọ lóko yín.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọmọ ìsinsìnyí ni kò fẹ́ ṣiṣẹ́, pé àtilọ ló wà lọ́kàn wọn, mi ò gbà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ wo ni kò ní ẹbí ní Jos, ní Kano, ní Tamale tàbí Kumasi? Bàbá àwọn bàbá wa ló lọ ta aṣọ, ló lọ ta nǹkan wẹ́wẹ́ lórí igbá, ní Gánà lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ló ti ń bímọ níbẹ̀ tó ti ń dàgbà níbẹ̀ kó tó di pé ní November 1969 ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò níwèé kó ẹrù ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí lọ́rí ń já èèyàn sílẹ̀ nílé tàwọn ará ilé ò mọ ibi tí wọ́n máa fi wọ́n sí. Lílọ kì í ṣe nǹkan tuntun nílé wa, òwò ló ń gbé wa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró sílé nígbà yẹn, ó ní tiẹ̀. Ọmọkùnrin á ṣiṣẹ́ lóko bàbá ẹ̀ títí ọ̀sán, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á wọ oko tiẹ̀, iṣu tó bá ta níbẹ̀, òun ló ni ín, ibẹ̀ ló ti ń kó ara ẹ̀ jọ, ibẹ̀ ló ti ń rówó wá ìyàwó. Ẹ̀yin náà ẹ máa rántí, bóyá bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ ṣe ní kajú tẹ́ ẹ ní ẹ gbìn kún ti bàbá yín.

Ìjọba náà ti gbìyànjú ẹ̀ rí, ó sì yẹ ká kọ́gbọ́n níbẹ̀. January 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, kò pẹ́ rárá tí àwọn tó jáde ìwé mẹ́fà fi ń ya lọ Ìbàdàn àti Èkó, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń wá, wọn ò fẹ́ rí ọkọ́ àti àdá sójú. Nígbà tó di 1959 ìjọba dá oko sílẹ̀ fún wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní fáàmù sẹ́tùmẹ́ǹtì, wọ́n wo ti Ísírẹ́lì kọ́ ọ, ọ̀kan wà ní Ìlọrà létí Ọ̀yọ́ níbẹ̀ yẹn, ọ̀kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀, wọ́n kọ́lé fún wọn, wọ́n ń fún wọn ní owó ìjẹun díẹ̀díẹ̀ kí irè oko tó jáde, ṣùgbọ́n gbèsè ni wọ́n kọ èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Igi ò sì mọ̀ pé ẹnì kan ń kánjú, ó ń pẹ́ kó tó so. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ló kó ẹrù wọn kúrò kí èso tó dé. Ìjọba pẹ̀lú gbogbo owó kòkó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà yẹn ò rí ọ̀dọ́ dá dúró pẹ̀lú ìlérí "ó máa di tìẹ tó bá yá". Ẹ̀yin náà, ìlérí yẹn lẹ ń ṣe fún ọmọ yín, ẹ kàn ń sọ ọ́ lọ́nà míì ni, ẹ ní ẹ máa fi kajú sílẹ̀ fún un. Ìgbà wo? Tẹ́ ẹ bá kú? Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ o, ṣùgbọ́n ṣé kó máa wá dúró de ìyẹn?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Kí kajú yìí tó tán, ẹ mú un wọ oko, ẹ fẹsẹ̀ ya ibì kan fún un, kó má jẹ́ ibi àkùrọ̀ tí kò dáa tàbí ibi tí igi ti darúgbó. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ pe mọ́gàjí, ẹ pe àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ méjèèjì lórí fóònù kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síwèé níwájú baálẹ̀, nítorí àwọn ará ìlú ńlá yìí, tí bàbá bá kú tán ni wọ́n máa ń rántí pé àwọn náà lọ́mọ. Nínú kajú tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ṣà, ẹ dá ìpín tiẹ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó tà á, ẹ sì jẹ́ kó gbowó ẹ̀ fúnra ẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ̀yin ẹ jókòó sínú ilé lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wá bi í pé kí ló fẹ́ fowó ẹ̀ ṣe. Ó lè ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fọ́n oògùn koríko, kóun máa bá àwọn ẹlòmíì fọ́n oko gbowó. Ó lè ní ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ lòun fẹ́, nítorí ẹ̀gẹ́ tútù tẹ́ ẹ̀ ń tà ní pọ́ọ́kú yẹn, ẹni tó fi ṣe gààrí tàbí láfún ló ń jèrè ẹ̀. Ohunkóhun tó bá sọ, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹ tún bi í léèrè jẹ́jẹ́ bóyá ẹ̀rù ló ń bà á. Màlúù tó ń jẹ oko àti ìròyìn ìjínigbé ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nínú oko tó jìn, àwọn ọmọkùnrin kì í sì í fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀rù fún bàbá wọn. Tó bá jẹ́ ìyẹn ni, oko tó sún mọ́ ilé ni kẹ́ ẹ fún un.

Tó bá ní òun ṣì ń lọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé ọ̀kadà l'Ékòó ti kúrò ní nǹkan téèyàn ń sáré lọ bá, láti June 2022 ni ìjọba ibẹ̀ ti fòfin dè é ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀, tí wọ́n bá gbà á, wọ́n ń rún un wómúwómú ni. Kó kọ́ṣẹ́ kan kó tó lọ, wẹ́dà, sólà, títún fíríìjì ṣe, ohun tó máa lè padà fi jẹun tó bá wálé. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ yà fún un, ẹ má gbà á padà o.

"Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ìjọba ò lè ṣe òfin pé kí àwọn ọ̀dọ́ má kúrò lábúlé mọ́ ni? Ilé ìwé wa ti ń ṣófo." (Olùkọ́ kan, Ògo Olúwa)

Rárá o. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 41, ti ní ọmọ Nàìjíríà lè lọ síbi tó bá wù ú kó sì máa gbé níbẹ̀. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká sòótọ́, olùkọ́, ọmọ tiyín ńkọ́, abúlé yẹn ló wà?

"Àǹtí olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo parí ní yunifásítì LAUTECH, mo sin ilẹ̀ bàbá mi tán lọ́dún tó kọjá, mo wá padà sí Under-G lẹ́bàá ilé ìwé, mò ń ṣe kéèkì, ṣíńṣín àti mitípáì tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti wà l'Ékòó, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé kí ni mo tún ń wá n'Ógbómọ̀ṣọ́. Màmá mi wà ní Ìrẹsà Adú, wọ́n ní tí mo bá lọ, ta ló máa máa wá wo àwọn lópin ọ̀sẹ̀. Orí mi ti dàrú." (Ọmọ Ìrẹsà)

Àbúrò mi, fi ẹkún màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, fi yẹ̀yẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, méjèèjì ò mọ iye tó kù nínú àpò ẹ. Ọ̀rẹ́ tó ń bi ẹ́ pé kí lò ń wá, ìwọ náà bi í pé tó bá san rẹ́ǹtì tán, tó san ti ájẹ́ǹtì, tó wọ mọ́tò lọ wọ mọ́tò bọ̀, èló ló ń ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ lóṣù. Kì í ṣe pé kó o fi bú u o, o fẹ́ mọ̀ ni. Tí tiẹ̀ bá fi tìlù tìfọn ju tìẹ lọ, a á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà ẹ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń rà á. Láti 1990 tí wọ́n ti dá yunifásítì yẹn sílẹ̀ ni ìlú yìí ti fẹ̀yìn tì í, ilé háyà, oúnjẹ, ọ̀kadà, àwọn tó ń tẹ ìwé, gbogbo ẹ̀. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ṣì jọ ni ín, tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ owó mọ́ra wọn lọ́wọ́, ilé ìwé tì fún ọ̀pọ̀ oṣù láàárín 2016 sí 2017, lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn láńdílọ́ọ̀dù àti àwọn olóúnjẹ ní Under-G àti Adéníké bí ojú wọn ṣe rí. Ọ̀yọ́ nìkan ló ni ín báyìí láti 2020, ó ti rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìsinmi àti ìdaṣẹ́sílẹ̀ ò kú. Nítorí náà wá oníbàárà tí kì í lọ ìsinmi. Ọ̀nà Tákíé, Sábó, àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn Bowen tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru tí ebi ń pa, àwọn onínàáwó gbogbo Saturday. Ìlú yìí ò tíì jẹ kéèkì ìgbéyàwó yó.

Kí n tó gbàgbé, àwa tá a wà n'Ógbómọ̀ṣọ́, ṣé a ò rí nǹkan fi máńgòrò ṣe ni? Ọdọọdún ni ó ń rà sílẹ̀ ní April, ṣe ni ewúrẹ́ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá, apẹ̀rẹ̀ tó bá sì rìn dé Èkó, owó gidi ni wọ́n ń tà á. Ẹni tó mọ kéèkì ṣe ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o.

Ní tèmi, dúró fún sáà kan sí i, kọ iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde sílẹ̀ ní ojoojúmọ́, kó o fi tó ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó mọ ìṣirò létí. Tí kò bá tíì kọjá ohun tó o fi ń jẹun, máa lọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àánú dá ẹ dúró. Màmá á gbọ́ ọ tó o bá jókòó tì wọ́n ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n má lọ nítorí stétọ́ọ̀sì WhatsApp ẹnìkankan.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Kánádà ni mo wà. Mò ń kọ́lé sílé, ó ti dé orí òrùlé. Bàbá wa ti lọ, màmá wà nínú ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, àbúrò mi ọkùnrin ló ń tọ́jú wọn, òun náà ló ń bá mi mójú tó àwọn bíríkìlà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní òun náà fẹ́ jápa, kí n bá òun wá owó. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé kí n fi òrùlé parí ilé ni àbí kí n fún un lówó?" (Ọmọ Ọ̀yọ́ lókè òkun)

O ṣeun tó o béèrè kó o tó ṣe é. Wò ó, owó símẹ́ǹtì lo mọ̀, owó irin lo mọ̀, owó bíríkìlà lo mọ̀. Àbúrò ẹ tó ń gbé màmá lọ ilé ìwòsàn, tó ń ti Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ lọ sáìtì tó ń padà bọ̀, tó ń bá oníyanrìn jà nítorí ẹ, èló lò ń fún un lóṣù? O ò kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí náà mo máa gbà pé "gba èyí ra kírẹ́dìtì" ni. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe fún ẹ, o ò sì san ti ọ̀kankan. Èmi náà tí mo bá wà nípò ẹ̀, mo máa jápa.

Gbogbo èèyàn ń sọ ọ́ pé ẹni tó lọ lè padà, òótọ́ ni, Ṣọ̀ún wa Ọba Ghandi Ọláoyè, Amẹ́ríkà ni wọ́n wà tí wọ́n ti ń ṣe pásítọ̀ kí wọ́n tó gorí ìtẹ́ ní 2023, Aláàfin Owóadé náà, Kánádà tìẹ yẹn ni wọ́n ti wá jọba ní 2025. Kábíyèsí ò ní bínú sí mi, ṣùgbọ́n ààfin ló ń dúró dè wọ́n. Àbúrò ẹ, kí ló ń dúró dè é l'Ọ́yọ̀ọ́?

Ilé yẹn, má parí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìlú tí Yunifásítì Ajayi Crowther wà, tí yunifásítì Aláyandé wà, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún àwọn olùkọ́ wà, ilé tá a máa háyà ò ní ṣàìrí ẹni tó máa gbé e. Fi páànù bo apá kan, ṣe yàrá díẹ̀ pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ilé tó dáa, gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, kó o háyà wọn síta. Kí owó háyà yẹn má dé ọ̀dọ̀ ẹ ní Kánádà rárá, àbúrò ni kó o fi sílẹ̀ fún, kó jẹ́ tiẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síwèé. Kí ìdajì ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ di tiẹ̀ náà tó bá fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù.

Pè é kó o tó ṣe èyíkéyìí nínú ẹ̀, má sọ̀rọ̀ ilé rárá, bi í pé kí ló fẹ́ ṣe tó bá jẹ́ pé Ọ̀yọ́ ló wà, èló ló máa ná an. Fi owó yẹn wé owó jápa tó ń béèrè, ó ṣeé ṣe kó kéré sí i dáadáa. Tó bá gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán tó ní òun ṣì ń lọ, bá a wá ohun tó o bá lè wá, kẹ́ ẹ sì jọ wá ẹni tó máa máa sùn ti màmá kó o tó ra páànù.